Lẹ́tà Tó Sùn Lọ́wọ́ Mi

Ọdún méjìlélógún ni mo fi jókòó lẹ́yìn káńtà pósọ́ọ̀fíìsì Ìjerò, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé lẹ́tà òun sùn lọ́wọ́ mi rí. Àfi ẹnì kan. Ẹni yẹn sì ti kú, kò lè wá jẹ́rìí. Ẹ ò rí i pé mo jàre?

Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ọládọ̀tun Ògúnlàdé, ọ̀gá àgbà ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo Ìjerò ń pè ní Tíṣà, àtàwọn tó nà ní kékeré àtàwọn tó ráyè sá fún un. Ìyá kan náà ló bí wa, ó sì fi ọdún mẹ́sàn-án jù mí lọ. Ìkòkò tábà kì í kúrò lẹ́nu ẹ̀ àfi tó bá fẹ́ gbàdúrà, ìdí sì nìyẹn tí àdúrà ẹ̀ fi máa ń kúrú.

Lọ́dún 1989, egbò kan yọ sí ẹ̀gbẹ́ ahọ́n ẹ̀. Ó funfun lókè, ó le lábẹ́, kò sì fẹ́ jinná. Oṣù kìíní, ó ní eyín ló gé òun jẹ. Oṣù kejì, ó ní ata ni. Oṣù kẹta, ó ní ìyàwó òun ni, pé iyọ̀ ọbẹ̀ Grace ti pọ̀ jù. Nígbà tó fi máa di oṣù karùn-ún, a ti dá gbogbo nǹkan lẹ́bi tán pátá àyàfi ìkòkò tábà. Dókítà eyín l'Ádó wò ó, kò rẹ́rìn-ín, ó ní kó máa lọ sí ọsibítù ńlá n'Íbàdàn. Wọ́n bu ẹran bíńtín níbi egbò náà fún àyẹ̀wò, wọ́n ní kó máa lọ sílé, pé èsì á tẹ̀ lé e bọ̀ nínú lẹ́tà.

Ló bá sọ pósọ́ọ̀fíìsì mi di oko àárọ̀.

"Akínwálé, ṣé lẹ́tà mi ti dé?"

"Kò tíì dé, Bọ̀dá."

"Ìgbín lẹ fi ń gbé e bọ̀ ni?"

"Ìgbín ń ṣiṣẹ́ ẹ̀, Bọ̀dá. Ìjàpá ló gba ìsinmi."

Àwọn tó tò sórí ìlà á rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín, á fi ọwọ́ gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú nítorí pé ẹ̀rín ń dùn ún, á sì máa lọ. Nígbà yẹn, òótọ́ ni mò ń sọ. Lẹ́tà ò tíì dé.

Nígbà tó máa dé, kò gba pósọ́ọ̀fíìsì wọlé. Ọmọ mi Olúfúnkẹ́, tó ń ṣiṣẹ́ ní láàbù ọsibítù náà, ló gbé e wá fúnra ẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án. Ọ̀dọ̀ mi ló gbé e wá, kò gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ sí i lára. Ẹ má bú u. Bí mo ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Nílé wa, ìròyìn tó bá burú kì í lọ tààrà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Ọ̀dọ̀ àgbà ló máa ń kọ́kọ́ yà. Àgbà á gbà á, á fi pamọ́, á wá yan ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ ọ́ sọ, ẹni yẹn á wá àsìkò tó dáa.

Èmi ni wọ́n sì máa ń yàn. Nígbà tí ọkọ Ìbíyẹmí, àbúrò bàbá wa obìnrin, kú sí ọ̀nà Oǹdó, èmi ni wọ́n rán lọ sí Òkè-Ìmẹ̀sí. Mo dé ibẹ̀ láàárọ̀, mo bá a bó iṣu, mo bá a jẹ ẹ́, mo sọ ìtàn, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú ẹ̀. Ìgbà tí omi ti wà lójú tẹ́lẹ̀ ni mo wá sọ ọ́. Obìnrin náà sunkún, àmọ́ kò ṣubú. Ọdún mẹ́ta gbáko làwọn ẹbí fi ń sọ ọ́ pé, "Akínwálé yìí, ó mọ àsìkò o."

Olúfúnkẹ́ jókòó sí yàrá mi, kò bọ́ bàtà.

"Jẹjẹrẹ ni, Bàbá."

"Ta ló fi ṣe é?"

"Kò sẹ́ni tó fi ṣe é. Tábà ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ara fúnra ẹ̀ ló ń bá a lọ." Ó wá ọ̀rọ̀ tí mo máa gbọ́. "Ẹ wo ara èèyàn bí ìlú ńlá. Ilé kéékèèké ló kún inú ẹ̀, wọ́n pọ̀ ju yanrìn lọ. Sẹ́ẹ̀lì là ń pè wọ́n. Ilé kọ̀ọ̀kan ní àpótí lẹ́tà lára ògiri. Purotéènì ni wọ́n fi ṣe àpótí yẹn."

"Purotéènì inú ẹ̀wà? Kí n sọ fún Grace kó má se ẹ̀wà mọ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ̀wà wọn, okun ló máa fún wọn. Èyí tí mò ń sọ, ara ló ń fọwọ́ ara ẹ̀ mọ ọ́n. Irinṣẹ́ ni, kì í ṣe oúnjẹ. Bí ara bá fẹ́ kí ilé kan di méjì, bóyá torí egbò tó fẹ́ dí, á fi lẹ́tà sínú àpótí yẹn. Ilé á gbà á, á pín sí méjì, ó parí. Àmọ́ nínú irú jẹjẹrẹ ẹnu àti ọ̀fun yìí, àpótí ti pọ̀ jù lára ògiri. Ibi tó yẹ kí mẹ́wàá wà, ọgọ́rùn-ún ló wà. Ìwọ̀nba lẹ́tà tó wà níta, ilé kan ṣoṣo á máa gbà á ní ìgbà ọgọ́rùn-ún. Nígbà míì, kò tiẹ̀ sí lẹ́tà kankan, àpótí á kàn máa pariwo sínú ilé pé, pín, pín, pín. Ilé á sì máa pín."

"Lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni ò kọ."

"Òun ni wọ́n ń gbà lójoojúmọ́. Kò sí ọjọ́ Ìsinmi, kò sí họ́lídè."

"Wọ́n mà mọṣẹ́ ju pósọ́ọ̀fíìsì wa lọ."

Kò rẹ́rìn-ín. Mo ti máa ń pa ọmọ yẹn lẹ́rìn-ín látìgbà tó wà lọ́wọ́ ìyá ẹ̀.

"Kò tíì sí oògùn tó lè dí ẹnu àpótí yẹn, Bàbá. Àwọn òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wádìí ẹ̀ ni. Ọ̀bẹ ló wà, àti ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán jó o. Etí ahọ́n ló ṣì wà báyìí. Tí wọ́n bá dé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á gé ibẹ̀ kúrò. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn lè máa lọ́ díẹ̀, bíi ti ẹni tí òkèlè wà lẹ́nu ẹ̀, àmọ́ wọ́n á wà láàyè. Tó bá fi lè dé ọrùn..." Ó wo bàtà ẹ̀. "Ọ̀sẹ̀ méjì, Bàbá. Ó wà nínú lẹ́tà."

Ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, mo wọ takisí lọ sí Ìjurin, lọ́dọ̀ Bàbá Ẹ̀yínadé, olórí ẹbí wa. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ojú ẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, àmọ́ àṣẹ ẹnu ẹ̀ ṣì ń ríran. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un, àpótí àti lẹ́tà àti ọ̀bẹ.

"Ìgbà wo ni ìkórè yín?" ló bi mí.

"Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kọkànlá, Bàbá."

"Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fi Ọládọ̀tun jẹ Bàbá Ìjọ?"

"Ọjọ́ yẹn náà ni."

"Ogójì ọdún ló ti ń kọrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. Ṣé o fẹ́ kó gun orí àga oyè kó máa ronú ọ̀bẹ? Jẹ́ kó jẹ ẹ́ tán ná."

"Ọ̀sẹ̀ méjì ni lẹ́tà wí, Bàbá."

"Ẹni tó kọ ọ́, ṣé ó mọ ìgbà tí à ń kórè? Egbò tó ti fi oṣù márùn-ún jókòó sójú kan, ṣé òní ló máa sáré? Ẹnu tó ń ta lásán ni. Uṣu tuntun a máa ta ẹnu tèmi náà nínú ulé yìí." Ó nawọ́ kan orúnkún mi. "Má sọ fún ìyàwó ẹ̀ o, ojú obìnrin ò lè pa nǹkan mọ́. Ìwọ lo máa sọ ọ́ fún un. Ìwọ lo mọ ọ̀rọ̀ ọ́ sọ. Wàá mọ àsìkò."

Mi ò ní purọ́ fún yín. Inú mi dùn nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Tíṣà dé síwájú káńtà. Lẹ́tà ẹ̀ wà nínú àpò àyà mi, lábẹ́ káàdì ìkórè.

"Akínwálé, ṣé lẹ́tà mi ti dé?"

Èèyàn mẹ́jọ ló wà lórí ìlà. Ṣé iwájú èèyàn mẹ́jọ ni wọ́n ti ń sọ irú ẹ̀?

"Kò tíì dé, Bọ̀dá."

Báyìí ni irọ́ ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà tí mo ti ń sọ látijọ́ ni, ohùn ò yí padà, ẹ̀rín ò yí padà.

Mo wá àsìkò o. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mi ò wá a. Mo lọ sílé ẹ̀ ní Ọjọ́rú, mo bá a tó ń kọ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ lọ́jọ́ oyè. Ó ní kí n jókòó, ó ka ojú ìwé méjì sí mi létí, ó ń bi mí bóyá àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín ní ibi báyìí. Mo ní wọ́n á rẹ́rìn-ín. Grace gbé iyán wá, ó ní, "Ọkọ mi, ẹ bá mi rọ ẹ̀gbọ́n yín kó jẹun, ó ti ń rù." Bẹ́ẹ̀ ló máa ń pè mí, ọkọ mi, torí pé mo ti wà nílé kó tó dé. Mo bá a rọ̀ ọ́. Mo sì bá wọn jẹ iyán náà. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá nígbà tí mo ṣì ń fọwọ́.

Nínú oṣù kẹwàá, lẹ́tà Olúfúnkẹ́ dé. "Bàbá, mi ò tíì rí wọn ní klíníìkì. Ṣé ẹ ti sọ fún wọn?" Mo dá a lóhùn pé mo ṣì ń wá àsìkò. Ó tún kọ̀wé. Ìlà kan ṣoṣo ló wà nínú ẹ̀: "Àpótí tí mo sọ fún yín ò wá àsìkò, Bàbá." Mo ka ìyẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Mo wá rò ó pé ọmọdé ni.

Tíṣà ò jẹ iyán mọ́, ẹ̀kọ ló ń mu. Nígbà tó yá, ẹ̀kọ náà ní láti tutù. Ó gbé ìkòkò tábà tì fúnra ẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ fún un. "S" bẹ̀rẹ̀ sí í nira fún un. Ó máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú káńtà, pé òun ti ń di ọmọ ilé ìwé òun padà, pé ó kù kí òun na ara òun. Ìlà á rẹ́rìn-ín. Èmi náà.

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù kọkànlá, mò ń bá a tún ọrùn agbádá tó fẹ́ wọ̀ ṣe nígbà tí ọwọ́ mi kan nǹkan lábẹ́ àgbọ̀n ẹ̀. Kókó kan ni, ó tó ẹyin àparò, ó le bí òkúta, kò sì yẹ̀ nígbà tí mo fọwọ́ kàn án.

"Kí nìyẹn, Bọ̀dá?"

"Ó ti tó ọjọ́ mẹ́wàá. Ṣé o rò pé ara nǹkan tí wọ́n máa kọ sínú lẹ́tà yẹn ni?"

Ó wò mí. Tí àsìkò kan bá wà lágbàáyé, ìgbà yẹn ni. Ilé dákẹ́, Grace lọ sọ́jà, ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ló fúnra ẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún mi. Lẹ́tà sì wà nínú àpò mi, ó ti ń gbó létí.

"Ẹ jẹ́ ká ṣe ìkórè tán ná," ni mo wí.

Mo sá lọ sí Ìjurin lọ́jọ́ kejì. Mo ní, "Bàbá, ó ti dé ọrùn." Bàbá Ẹ̀yínadé mirí. Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù. Ẹni tó ti rìn dé ẹnu ọ̀nà kì í padà." Ọ̀sẹ̀ méjì. Iye tí lẹ́tà fún wa gan-an náà nìyẹn, nígbà tó ṣì wúlò.

Ọjọ́ ìkórè pé. Èmi ni mo darí ètò. Mo gbé àkùkọ gàgàrà kan sókè, mo ní ẹ wò ó bó ṣe ń kọ, ó jọ pé alága ẹgbẹ́ akọrin ni, ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ wó fún ẹ̀rín. Wọ́n gbé Tíṣà sórí àga, àlùfáà gbàdúrà lé e lórí, wọ́n ní kí Bàbá Ìjọ wa tuntun bá wa sọ̀rọ̀.

Ó dìde. Ó ṣí ìwé ẹ̀. Ó yanu. Ahọ́n ò dìde. Ohun tó jáde dà bí ìgbà tí ìkòkò ń hó. Ó tún gbìyànjú, itọ́ ṣàn sí irùngbọ̀n ẹ̀, omi bọ́ lójú ẹ̀. Gbogbo ìjọ bá bú sáyọ̀. "Halelúyà! Ẹkún ayọ̀ ni! Ayọ̀ ló dí i lọ́fun!" Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ orin. Wọ́n ń jó. Ẹ̀gbọ́n mi dúró láàárín wọn, ó nawọ́ ìwé náà sí mi.

Mo kà á fún un. Ibi tí mo ní wọ́n á ti rẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìlà tó gbẹ̀yìn, mi ò rí i tẹ́lẹ̀, ó jọ pé lálẹ́ àná ló fi kún un: "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àbúrò mi Akínwálé, tí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ kì í bọ́ sódì, tó mọ àsìkò ohun gbogbo." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ó pẹ́ kí wọ́n tó ṣíwọ́.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, mo gbé lẹ́tà lọ bá a. Kò sí iṣu láti bó, mi ò sì rí ìtàn kankan sọ. Mo kàn gbé e sórí tábìlì.

Tíṣà wo àpòòwé. Ó fa ìwé yọ, ó kà á, ó padà sókè lọ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Ó fa bírò pupa tó fi ń máàkì yọ nínú àpò ẹ̀, ó fa ìlà sábẹ́ ọjọ́ náà. Ó ka ọ̀sẹ̀ lórí ìka ẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún tán, ọwọ́ òsì tán, ó ku ẹyọ kan. Ó wá kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, bó ṣe máa ń kọ ọ́ síwájú orúkọ àwọn ọmọ tó bá dé lẹ́yìn agogo: *Ó pẹ́.*

Grace ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mi ò mọ ìgbà tó débẹ̀.

"Akínwálé," ló wí. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tó ti wọ ilé wa, kò fi orúkọ pè mí rí. "Ó wà lọ́wọ́ ẹ nígbà tí ò ń jẹ iyán mi?"

Mo ní, "Àwọn àgbà ló ní..."

"Mi ò bi ọ́ ní ti àwọn àgbà. Ìwọ ni mò ń bi. Ó wà lápò ẹ?"

"Ó wà níbẹ̀."

Ó gbé ife omi tó ti gbé síwájú mi, ó dà á síta gba ojú fèrèsé. Kò fún mi lómi mọ́ títí dòní.

N'Íbàdàn, dókítà fọwọ́ tẹ ọrùn ẹ̀ lápá ọ̀tún, ó tẹ òsì, ó sì ka lẹ́tà ti ara ẹ̀ tó kọ nínú oṣù kẹsàn-án. Kò pariwo mọ́ wa. Ó ní àwọn á ṣe èyí tí àwọn lè ṣe. Wọ́n gé ahọ́n kúrò, wọ́n gbẹ́ ọrùn, wọ́n fi ìtànṣán jó o títí awọ ọrùn ẹ̀ fi dúdú bí ìdí ìkòkò. Oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, a gbé e padà wá sílé. Àwọn àpótí ò dáwọ́ dúró. Kókó mìíràn ti yọ lápá òsì.

Olúfúnkẹ́ wá kí wọn. Ó jókòó sẹ́sẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi, kò wo ojú mi. Nígbà tó fẹ́ lọ, ó ní, "Èmi náà wà níbẹ̀, Bàbá. Ó yẹ kí n ti gbé e kọjá ilé yín, kí n gbé e fún wọn." Kò tíì kọ lẹ́tà sí mi látìgbà náà.

Tíṣà bèèrè síléètì kan àti ẹfun. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọlé lọ kí i, ó kọ nǹkan sí i, ó gbé e sókè fún mi.

*Akínwálé, ṣé lẹ́tà mi ti dé?*

Ó wá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí kò ní ohùn, èjìká nìkan ló ń mì. Ojoojúmọ́ ni. Bí mo bá ti tẹsẹ̀ wọ yàrá, síléètì á gòkè. Èmi náà á ní, "Kò tíì dé, Bọ̀dá," torí pé ìyẹn ló fẹ́ gbọ́, èjìká á sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ ò rí i? Àwa méjèèjì la mọ àwàdà. Inú ilé kan náà la ti kọ́ ọ.

Ní Ọjọ́rú kan nínú oṣù kẹrin, mo wọlé, mo dúró. Síléètì ò gòkè. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ohun tó wà lára ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó rọra kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́, kò fà á padà.

*Ó ti dé.*

Èjìká ẹ̀ ò mì. Ó kú láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí oòrùn tó gun òkè.

Àwọn ẹbí pé jọ. Wọ́n ní ta ló máa lọ sọ fún Bàbá Ẹ̀yínadé n'Íjurin? Gbogbo ojú kọ sí mi. Wọ́n ní, "Akínwálé, rọra o. Bàbá ti darúgbó. Jókòó tì í, fi ọgbọ́n sọ ọ́. Wá àsìkò."

Mo wọ takisí. Mo bá a lórí àga nínú ọ̀ọ̀dẹ̀, ó ń jẹ iṣu, òkèlè wà lẹ́nu ẹ̀. Mi ò kúnlẹ̀, mi ò dọ̀bálẹ̀, ẹsẹ̀ mi kan ṣì wà níta.

"Bàbá, Ọládọ̀tun kú láàárọ̀ yìí."

Iṣu bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

"Akínwálé! Kò sí ẹ kú ulé? O ò bèèrè omi? O ò lè jẹ́ kí n gbé èyí tó wà lẹ́nu mi mì?"

"Rárá, Bàbá."

"Ṣé bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn?"

Mo sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo jókòó tì í lẹ́yìn ìyẹn, mo bá a gbọn iṣu kúrò lára aṣọ ẹ̀.

Látìgbà náà, tí ẹnì kan bá kú nílé wa, ẹlòmíì ni wọ́n ń rán. Wọ́n ní mi ò mọ ọ̀rọ̀ ọ́ sọ mọ́, pé mi ò mọ àsìkò. Wọ́n jàre.